Ẹja Odò Tí A Sé

Odò Ouémé ń gba ìwọ̀-oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, kọjá sí gúúsù. Okpara ń ṣàn ní ìlà-oòrùn, ó sì ń lọ já sínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, Ouémé a fà títí àpáta inú rẹ̀ á fi yọrí, ẹja á sì há sínú ibú. Bí òjò bá dé, omi á pọ́n, á máa kún títí di nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Ìkún yìí gan-an ni ẹja ń retí. Àrọ̀ á fi odò sílẹ̀, á wọ pápá tí omi bò, á yé sí ìdí koríko; níbẹ̀ làwọn ọmọ ti ń rí kòkòrò jẹ, tí ẹja ńlá kì í sì í tètè rí wọn. Ẹja Labeo ní tirẹ̀ a máa gun odò lọ sókè kó tó yé.

Wọ́n ti sé Okpara lókè, nítòsí Parakou, nítorí omi mímu. Ògiri dáàmù ń dínà fún ẹja, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe omi ló burú jù. Bí dáàmù bá tóbi, adágún ẹ̀yìn rẹ̀ á gbé ìkún mì, pápá ìsàlẹ̀ odò á gbẹ. Omi tí wọ́n bá sì tú láti ìsàlẹ̀ adágún a máa tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í tó ẹja mí. Nígbà tí wọ́n sé odò Mono ní Nangbéto, ní Tógò, lọ́dún 1987, odò tó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lẹ́ẹ̀rùn wá ń ṣàn láìdá, iyọ̀ inú ọ̀sà tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì dín kù.

Dáàmù Kainji ní Nàìjíríà ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Ọya níbẹ̀ lọ́dún 1968, àwọn ẹja ẹlẹ́nu gígùn tí wọ́n ń jẹ kòkòrò nísàlẹ̀ omi dín kù kíákíá. Ẹja Citharinus pọ̀ rẹpẹtẹ fún ìgbà díẹ̀, òun náà tún wálẹ̀. Ẹpìyà ló rí ibùgbé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó ẹyin sẹ́nu títí yóò fi pa, wọn kò nílò ìkún. Ẹni tó bá ń ka agbọ̀n ẹja inú adágún nìkan lè rò pé odò kò pàdánù nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ àwọn apẹja ìsàlẹ̀ dáàmù ń kó àwọ̀n wálé ní fífúyẹ́.

Ó ti pẹ́ tí àbá ti wà láti sé Ouémé ní Dogo, lápá Kétu, nísàlẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń gbẹ́ kòtò sínú pápá, tí ìkún ń kó ẹja sí i, tí wọ́n ń kó o nígbà tí omi bá fà. Bí wọ́n bá sé e, àtẹ̀gùn tí wọ́n ń mọ sí ara dáàmù fún ẹja salmon ní Yúróòpù kò lè tó fún àrọ̀, tí kì í fò. Omi ni kí wọ́n tú lóṣù Kẹsàn-án, kó pọ̀ tó láti bo pápá, kó sì dúró títí ọmọ ẹja á fi lè wẹ̀ padà sódò.