Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Tó Di Ọgbà Ìgbafẹ́

Bí ìlù bá ń dún lálẹ́ ní Freedom Park, ní Broad Street l'Érékùṣù Èkó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó níwájú pèpéle ni kò mọ̀ pé ibi tí olórin dúró sí yẹn ni wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n láyé òyìnbó. Ayàwòrán ilé tó gbé pèpéle síbẹ̀ mọ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ọdún 1882 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà: ògiri amọ̀, òrùlé koríko. Àwọn tí kò fẹ́ òyìnbó lórí oyè kò jẹ́ kó rójú. Iná ni wọ́n ń jù sórí òrùlé. Ní 1885, òyìnbó kó bíríkì láti Ìlú Ọba wá, ó tún un kọ́. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà sì gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó di 1979, wọ́n wó o palẹ̀. Ilẹ̀ náà di ààtàn, ó di ibùba ọmọ ìta.

Bí ọdún 2000 ṣe ń sún mọ́lé ni Theo Lawson, ayàwòrán ilé náà, gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá tún ẹ̀wọ̀n náà kọ́ bó ṣe wà, ta ni yóò sanwó wọ ẹ̀wọ̀n? Bí wọ́n bá kọ́ ilé gogoro síbẹ̀, ìtàn parẹ́ nìyẹn. Ó wá fi ipasẹ̀ ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀, ó yí iṣẹ́ ibẹ̀ padà. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì tò sí, ó to yàrá tóóró tóóró síbẹ̀. Wọ ọ̀kan, wàá mọ bí ayé ẹlẹ́wọ̀n ṣe há tó. Ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, gba àbá náà, wọ́n sì ṣí ọgbà náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira.

Ilé àtijọ́ mìíràn l'Érékùṣù Èkó, Ilé Ìlójò, kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Àwọn Àgùdà, àwọn tó padà bọ̀ láti Brazil, ló kọ́ ọ ní Tinúbú ní 1855. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o.

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ dìde kí àlejò máa wò ó nínú fóònù. Ṣùgbọ́n fọ́tò àti ìwọ̀n ni kọ̀ǹpútà ń jẹ. Ilé Àgùdà ṣì kù ní àdúgbò Campos àti Kákáwà l'Ékòó. Kí katapílà tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí téèpù kọ́kọ́ dé.