Bí Ọkọ̀ Yín Bá Gúnlẹ̀ sí Salvador

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa, àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tí ń gbé ènìyàn rìn kiri fún ìgbafẹ́ kì í pẹ́ ní èbúté. Òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gúnlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò tún ṣí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbé yín dé Salvador, ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, wákàtí díẹ̀ ni ẹ óò ní, bí ẹ kò bá sì ṣọ́ra, inú ọjà ni yóò tán sí. Ọ̀nà kan wà tí a fẹ́ fi hàn yín, tí ẹsẹ̀ lè rìn, tí ó sì jẹ́ ọ̀nà àwọn èèyàn wa gan-an.

Àwọn Potogí ni ó tẹ ìlú náà dó ní 1549, ibẹ̀ sì ni olú-ìlú Bràsíl títí di 1763. Ìlú méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ti ìsàlẹ̀ létí omi, àti ti òkè. Láti èbúté, ìrìn díẹ̀ ni yóò gbé yín dé Mercado Modelo, ọjà tí ó wà nínú ilé kọ́sítọ́ọ̀mù àtijọ́ tí a kọ́ ní 1861. Ẹ wò ó, ẹ ra ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì máa lọ. Nítòsí rẹ̀ ni Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tí ó ti ń gbé ènìyàn lọ sí ìlú òkè láti 1873. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 72, ṣùgbọ́n kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ, ẹ ti dé òkè.

Níbi tí ẹ̀rọ náà bá já yín sí, gbogbo àlejò ni yóò kọjú sí òkun láti ya fọ́tò. Ẹ̀yin, ẹ yíjú padà. Ilé ìgbìmọ̀ ìlú tí ẹ ń wò yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni túbú wà ní 1835. Nínú túbú náà ni àgbà àáfà kan wà, Pacífico Licutan, ọmọ Yorùbá, tí orúkọ Mùsùlùmí rẹ̀ ń jẹ́ Bìlálì. Kò jalè, kò pànìyàn. Olówó rẹ̀ ni ó jẹ gbèsè, wọ́n sì gba ẹrú rẹ̀ mọ́ gbèsè náà bí ẹni gba àga tàbí ẹṣin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí ti dá owó jọ láti rà á padà, olówó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Malê ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí wọ̀nyí níbẹ̀. A kò ní ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ fún yín, Ìmàle ni. Òru ni wọ́n ń kéú, wọ́n ń kọ wàláà, wọ́n ń so tírà mọ́ra, wọ́n sì ń wọ aṣọ funfun tí a ń pè ní abadá. (Lónìí, ẹ̀wù tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ jó ní Carnaval ni a ń pè ní abadá ní Bahia. Ọ̀rọ̀ a máa rin ìrìn àjò!)

Láti ojúde yìí ni Ladeira da Praça ti sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní òpópónà yẹn ni ilé Manoel Calafate wà, níbi tí àwọn Ìmàle péjọ sí ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù January 1835, nígbà tí àwẹ̀ Ràmàdánì ń lọ sópin. Wọ́n ti pinnu láti dìde ní ìdájí, nígbà tí àwọn ẹrú bá ń lọ pọnmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Obìnrin kan, Sabina da Cruz, bá ọkọ rẹ̀ jà, ó sì wá a lọ sí ilé kan tí àwọn Ìmàle wà. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ kò ní jáde àfi nígbà tí ó bá tó àkókò láti gba ilẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Guilhermina, ẹni yẹn sọ fún òyìnbó aládùúgbò rẹ̀, ó sì dé etí ìjọba lóru náà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má yára ṣépè fún Sabina. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tí a dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí a sì ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí nípa ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn, àwọn Ìmàle tú jáde ṣáájú àkókò. Wọ́n sáré gun òkè wá sí túbú láti gba Licutan, wọn kò rí i wọ̀. Bí ènìyàn 600 ni ó jà ní òru náà. Ní Água de Meninos, létí omi ní ìlú ìsàlẹ̀, ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti ṣẹ́gun wọn. Ó lé ní 70 tí ó kú. Licutan, tí kò jáde ní túbú rárá, ni wọ́n dá ẹgba 1,200 fún. Àwọn ìwé Lárúbáwá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, tí ẹsẹ Àlùkùránì wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ṣì wà ní ìpamọ́ ìjọba Bahia. Wọ́n lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Ará Àgùdà kan tí ó ti Bràsíl dé, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní 1894.

Bí ẹ bá gòkè padà, ẹ rìn lọ sí Pelourinho. Àwọn ilé aláràbarà ibẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n orúkọ náà túmọ̀ sí òpó tí a ń so ẹrú mọ́ nà. Casa do Benin, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní 1988, wà níbẹ̀. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ óò gbóòórùn acarajé: àkàrà ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n ń là á láàárín, wọ́n sì ń fi edé sí i. Ẹ jìnnà sí feijoada. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Campo da Pólvora ní àdúgbò Nazaré. Ní 14 oṣù May 1835, wọ́n yìnbọn pa Ìmàle mẹ́rin níbẹ̀. Igi ni wọn ì bá so wọ́n sí, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí yóò gbà láti ṣe iṣẹ́ náà. Ibùdókọ̀ ojú irin ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Ní Nazaré yìí kan náà ni mọ́sálásí ìlú wà, ẹ lè kí ìrun Àìlà yín níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ ní kí awakọ̀ gba Água de Meninos kọjá, kí ẹ ṣe àdúà fún àwọn tí ó kú síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́: ọkọ̀ òkun kì í dúró de ẹni tí ó dá jáde rìn.