Ìwọ̀n Orí Ilẹ̀ àti Ìwọ̀n Òfurufú, Láti Ọ̀fà sí Ìlọrin

Oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta ló pàdé ní Ọ̀fà, ọmọ ìlú tó bá sì fẹ́ di awakọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Máìlì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ dé. Òun ni wọ́n fi ṣírò ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, tó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo, tó sì ti kọjá Ọ̀fà dé Jẹ́bà ní 1909. Kódà, àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì mẹ́fà, ìyẹn mìlímítà 1,067. Kìlómítà ló tẹ̀lé e, nígbà tí Nàìjíríà pa ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì tì ní àwọn ọdún 1970. Òun ló wà lára pátákó ojú títì báyìí, òun náà sì ni ọmọ Offa Grammar School ń bá pàdé nínú ìwé físíìsì rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò sí lára pátákó kankan. Máìlì àwọn atukọ̀ ni, nautical mile, èyí tí bàálù tó ń kọjá lórí wa fi ń ṣírò ìrìn rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé oríkunkun ni kò jẹ́ kí àwọn awakọ̀ òfurufú gba kìlómítà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wàá rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n, torí ara ayé fúnra rẹ̀ la ti bù wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ń wá ìwọ̀n tuntun ní 1791, wọ́n mú ọ̀nà tó ti ìlà agbedeméjì ayé lọ dé òpin àríwá, wọ́n pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́wàá, wọ́n sì pe ìpín kan ní mítà. Ọ̀nà náà wá jẹ́ kìlómítà 10,000. Àwọn atukọ̀ kò fi mẹ́wàá-mẹ́wàá pín in ní tiwọn. Bí a ti ń pín òbírí ni wọ́n ṣe pín in: ìdá kan nínú mẹ́rin òbírí jẹ́ dìgírì 90, dìgírì kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣẹ́jú 60, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,400. Ìṣẹ́jú kan, máìlì kan. Fi 5,400 pín 10,000, wàá rí nǹkan bí 1.852, àdéhùn àgbáyé lónìí sì ni pé nautical mile kan jẹ́ mítà 1,852 géérégé. Máìlì rélùwéè, tó jẹ́ mítà 1,609, ló jẹ́ àlejò láàárín wọn. Ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù ni wọ́n gbé e lé, kò bá ayé tan rárá.

Ẹni tó ń kọ́ bàálù wíwà ló ń jẹ èrè ìbátan yìí. Àwòrán ilẹ̀ tó tẹ́ sórí itan rẹ̀ ti fi ìlà sọ bí ibi kan ti jìnnà sí ìkejì. Ọ̀fà wà ní nǹkan bí dìgírì 8 àti ìṣẹ́jú 9 ní àríwá agbedeméjì ayé. Pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin wà ní dìgírì 8 àti ìṣẹ́jú 26. Kò tíì mú rúlà, ó ti mọ̀ pé Ìlọrin fi nǹkan bí máìlì mẹ́tàdínlógún sún sí àríwá ju Ọ̀fà lọ. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló wà láàárín wọn, ìyẹn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì mẹ́tàlá nítorí pé a kò jìnnà sí agbedeméjì ayé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá yẹn kò ní ju nǹkan bí máìlì mẹ́jọ lọ, torí àwọn ìlà òòró ayé ń fún pọ̀ bí wọ́n ti ń lọ sí àríwá. Láti Ọ̀fà dé pápákọ̀ náà, ó wá di nǹkan bí nautical mile 22, tàbí kìlómítà 40. Bàálù kékeré tó ń sáré knot 100, ìyẹn nautical mile 100 ní wákàtí kan, yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́tàlá rìn ín. Kìlómítà ò lè bá àwòrán ilẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà báyìí. Àfi kéèyàn kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ.

Ẹsẹ̀ bàtà kò ní irú ẹ̀rí yìí. Kò bá ayé tan, bẹ́ẹ̀ ni kò bá nautical mile tan, nítorí 6,076 ẹsẹ̀ bàtà ló wà nínú ọ̀kan. Síbẹ̀, òun ni a fi ń sọ gíga lójú òfurufú ní ibi tó pọ̀ jù láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà ni Ṣáínà ń lò. Àjọ ICAO, tó ń rí sí ìrìn òfurufú lágbàáyé, gan-an fi mítà ṣe ìwọ̀n àkọ́kọ́ nínú ìwé ìlànà rẹ̀, ó ní kí ẹsẹ̀ bàtà, knot àti nautical mile ṣì máa wà fún ìgbà díẹ̀, kò sì tíì dá ọjọ́ tí ìgbà díẹ̀ náà yóò parí. Ohun tó ń gbèjà ẹsẹ̀ bàtà lójú tèmi ni pé ó rọrùn láti há sórí: ẹgbẹ̀rún kan sábà máa ń wà láàárín bàálù tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún tí iye rẹ̀ kò ṣe é pín sí méjì, bíi 7,000, ni ti ẹni tó ń lọ sí ìlà-oòrùn. Èyí tó ṣe é pín sí méjì, bíi 8,000, ni ti ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà níbi kan, kó tó yí i níbòmíràn, ló ń pe ewu.

Ewu náà kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1983, nígbà tí Kánádà ń kúrò nínú ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sínú kìlógíráàmù, bàálù Boeing 767 kan ti ilé-iṣẹ́ Air Canada nílò epo kìlógíráàmù 22,300. Nígbà tí wọ́n ń ṣírò ìwọ̀n lítà kan epo, 1.77 ni wọ́n lò, èyí tó jẹ́ ti pọ́n-ùn, dípò 0.8 tó jẹ́ ti kìlógíráàmù. Epo tí wọ́n gbé lọ kò tó ìdajì. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lójú òfurufú. Àwọn awakọ̀ náà fi ìyẹ́ lásán gbé e sọ̀ sí pápá àtijọ́ kan ní Gimli, ẹ̀mí kankan kò sì bọ́ nínú àwọn 69 tó wà nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ tọ̀nà. Ìwọ̀n tó yẹ kó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣì mú.

Ní ti ọ̀nà títọ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ àti òfurufú ti yàtọ̀ jù. Irin ló di rélùwéè mú, títì ló di mọ́tò mú. Kò sí ohun tó di bàálù mú. Inú afẹ́fẹ́ tó ń rìn ni òun náà ti ń rìn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí etí méjèèjì ọ̀nà tí bàálù ń sáré lé ní Ìlọrin ni 05 àti 23. Dìgírì kọ́ńpáàsì ni, tí wọ́n yọ òdo ìparí rẹ̀ kúrò: 050 kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, 230 kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ọ̀gángán tí ọyẹ́ àti afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá sọ́dọ̀ wa nìyẹn, bàálù sì máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó gbéra. Gígùn ọ̀nà náà jẹ́ mítà 3,100, gíga ibẹ̀ sí ojú òkun sì jẹ́ 1,126 ẹsẹ̀ bàtà. Pápá kan náà, oríṣi ìwọ̀n méjì. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ International Aviation College tó wà níbẹ̀ tètè mọ́ ọn lára. Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn ọmọ tuntun rú: ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá la fi ń pè é, ibi tí bàálù kọjú sí la sì fi ń pe tirẹ̀.

Ká wá fi ìrìn kan wò ó. Ọmọ kan gbéra ní Ìlọrin, ó fẹ́ wá wo Ọ̀fà láti òkè. Dìgírì 143 ni ọ̀nà rẹ̀, knot 100 ni eré rẹ̀. Ọyẹ́ ń ti 050 fẹ́ bọ̀ ní knot 20, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ gan-an ló ti ń kọlù ú. Bó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò yí orí bàálù sí òsì dé nǹkan bí 131. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ọyẹ́ yóò ti gbé e lọ sí ọ̀tún ní nautical mile mẹ́rin lé díẹ̀. Ẹ sì rántí pé kìlómítà tàbí mítà ni a fi ń sọ bí ojú ti ríran jìnnà tó. Ká ní kìlómítà márùn-ún ni ọyẹ́ jẹ́ kí ojú rí lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin àgbáyé sábà ń gbà fún ẹni tó ń fi ojú wo ilẹ̀ fò ní gíga tí kò pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn wo mẹ́rin àti márùn-ún yóò rò pé ìlú náà kò ní ṣàì hàn sí òun. Ṣùgbọ́n mẹ́rin lé díẹ̀ ti òfurufú jẹ́ kìlómítà mẹ́jọ. Ọ̀fà ti wà lápá òsì rẹ̀, ó sì fi kìlómítà mẹ́ta kọjá ibi tí ojú rẹ̀ lè dé.