Símífónì Kẹfà ní Beijing

Bí ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sítírà bá ti òkè òkun dé láti ṣeré, ohun tí olùgbọ́ kì í sábà bèèrè ni ẹni tí ó yan orin tí wọn yóò lù. Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973 ti fi hàn.

Láti ọdún 1966, nígbà tí Mao Zedong dá Ìyípadà Àṣà sílẹ̀, orin Beethoven àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di èèwọ̀ ní gbangba nílẹ̀ náà. Wọ́n fọ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sì dójú ti àwọn olùkọ́ orin tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi pa ara wọn. Ṣùgbọ́n Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà lọ sí Beijing ní 1972, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, ọ́kẹ́sítírà Philadelphia tẹ̀ lé e, Eugene Ormandy ni olùdarí wọn. Àwọn ni ọ́kẹ́sítírà Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣeré ní Ṣáínà lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì.

Símífónì Karùn-ún Beethoven ni wọ́n ní lọ́kàn. Jiang Qing, aya Mao, tí àṣẹ lórí orin àti eré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní Ìkẹfà ni òun fẹ́. Ormandy kò fẹ́ràn Ìkẹfà, ìwé orin rẹ̀ kò sì sí nínú ẹrù wọn. Aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà kan ṣìpẹ̀ fún un pé ṣebí láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni ìyípadà Ṣáínà ti dìde. Ó gbà. Ìwé tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn onílé ni wọ́n lò, àmì inú rẹ̀ kò tilẹ̀ bára mu.

Ìpín márùn-ún ni Ìkẹfà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkọlé tirẹ̀. Ìdùnnú ẹni tí ó dé ìgbèríko ni ìkíní. Ìkejì wà létí odò, níbi tí fèrè, óbò àti kláríńẹ́ẹ̀tì ti ń ké bí ẹyẹ mẹ́ta. Ará oko ń jó ní ìkẹta. Kí ijó tó parí, ìjì ti dé, ìlù ń sán bí àrá. Nígbà tí ó rọlẹ̀, orin ọpẹ́ darandaran ni ó kù. Ìpín mẹ́ta ìkẹyìn yìí so mọ́ra láìdánu dúró. Ìkarùn-ún kò ní irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ dùndún, tí í máa bèèrè ohun tí ìlù ń wí, yóò lóye ìfura aláṣẹ sí orin tí kò sọ ti ẹnu rẹ̀. Síbẹ̀ Beethoven fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ìmọ̀lára ni Ìkẹfà ń sọ ju àwòrán oko lọ.

Jiang Qing wà ní ìjókòó nígbà tí wọ́n lù ú. Níbi tí àlejò àti onílé ti pàdé láìsí èrò, Li Delun darí ọ́kẹ́sítírà rẹ̀ nínú ìpín kìíní Símífónì Karùn-ún, Ormandy sì gba ọ̀pá ìdarí fún ìkejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974, ìwé ìròyìn ìjọba tún gbógun ti orin aláìlákọlé. Mao kú ní 1976, wọ́n sì mú Jiang Qing. Ní oṣù Kẹta 1977, Li Delun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lu Ìkarùn-ún ní gbangba ní Beijing, rédíò sì gbé e káàkiri Ṣáínà.