Ọmọ Ata Tí Ó Rọ Lẹ́yìn Àtúngbìn

Ìlú Ayétẹ̀ ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí, iṣu àti ata. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ dáadáa, àwọn tí ó ti fọ́n irúgbìn ata sí ibùsùn tàbí sínú abọ́ yóò hú àwọn ọmọ ata náà. Wọn yóò sì tún wọn gbìn sí oko, sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí sínú ìkòkò tí ó tóbi. Iṣẹ́ yìí ni a ń pè ní àtúngbìn.

Ní ọjọ́ kejì àtúngbìn, nǹkan kan sábà máa ń já ọmọdé láyà. Ọmọ ata tí ó nàró ní àná á ti tẹrí ba. Ewé rẹ̀ á rọ, á sì kọrí sílẹ̀. Ọmọ kan á sáré bu omi garawa kan dà á nídìí. Òmíràn á lọ kó ìgbẹ́ adìyẹ wá. Òmíràn á fà á tu láti wo gbòǹgbò rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí kò lè pa ọmọ ata náà. Síbẹ̀, a lè gbà á là bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe é.

Ó yẹ kí á gbà á là, nítorí pé ọjọ́ kò dúró de àgbẹ̀. Láti ìgbà tí a bá fọ́n irúgbìn ata títí di ìgbà tí ó tó tún gbìn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí ọmọ ata bá kú tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí irúgbìn, nǹkan bí oṣù méjì òjò ti lọ nìyẹn.

Kí ni ó mú kí ó rọ?

Gbòǹgbò ni ẹnu ewéko. Nítòsí ṣóńṣó gbòǹgbò ni àwọn irun kéékèèké wà tí ewéko fi ń fa omi. Irun wọ̀nyí tín-ín-rín ju òwú lọ. Bí a bá hú ọmọ ata, ọ̀pọ̀ nínú wọn á já sínú ilẹ̀ tí a ti hú u.

Ewé ní tirẹ̀ kò dẹ́kun iṣẹ́. Ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ tí ojú wa kò lè rí. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde lọ sínú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń kúrò lára aṣọ tí a sá. Bí gbòǹgbò bá fa ife omi 10, ó ju ife 9 lọ tí ó ń gba ojú ewé jáde. Nígbà tí omi tí ó ń jáde bá ju èyí tí ó ń wọlé lọ, ewé á rọ. Bí oòrùn bá mú gan-an, tàbí tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, omi á máa yára jáde sí i.

Yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó tọ́jú rẹ̀

Oníṣègùn kì í fún aláìsàn ní oògùn kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ ata. Wò ó ní ọ̀sán, kí o sì tún wò ó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ti ìka rẹ bọ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ títí dé oríkèé kejì, kí o lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ gbẹ tàbí ó tutù.

1. Bí ó bá rọ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n tí ó nàró ní òwúrọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ni kò tíì múlẹ̀. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù. Kò le púpọ̀.

2. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n, tí ilẹ̀ rin gbingbin tí ó sì ń rùn, omi ti pọ̀ jù. Gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́, yóò sì jẹrà. Gbòǹgbò tí ó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́. Nítorí náà ni ewéko fi lè rọ nínú ọ̀pọ̀ omi.

3. Bí etí ewé bá gbẹ bí ẹni pé iná jó o, ó ṣeé ṣe kí ajílẹ̀ ti pọ̀ jù, tàbí kí ó jẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ tútù ni a kó sí i. Ṣé ẹ ti rí ẹja tútù tí a fi iyọ̀ pa? Omi á bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn jáde lára rẹ̀. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ nídìí ewéko, bí iyọ̀ ni ó ṣe ń ṣe sí gbòǹgbò.

4. Bí ojú ewé bá funfun tí ó sì gbẹ bí ìwé ní ibi tí oòrùn ti ń pa á, oòrùn ni ó jó o. Abẹ́ ibòji ni a ti tọ́ ọ dàgbà, a kò sì jẹ́ kí oòrùn mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀.

5. Bí ó bá rọ ní ọ̀sán, tí ó tún rọ ní òwúrọ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù níwọ̀nba, tí kò sì sàn rárá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lè jẹ́ àrùn inú ilẹ̀. Hú u, kí o sì gbé e jìnnà sí àwọn yòókù. Má ṣe gbin ata, tòmátò tàbí ìgbá sí ojú ibẹ̀ mọ́ ní ọdún náà, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àrùn tí ó mú ọ̀kan lè mú èkejì.

Bí a ṣe lè gbà á là

Èkíní, má ṣe tún un hú. Irun gbòǹgbò tuntun tí ó ń hù ni ìwọ yóò tún já.

Èkejì, ṣe ibòji fún un. Ti imọ̀ ọ̀pẹ mélòó kan bọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìhà ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wá. Bí inú ìkòkò ni ó wà, gbé e sí abẹ́ igi. Lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 5, bẹ̀rẹ̀ sí yọ imọ̀ ọ̀pẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn lè máa mọ́ ọn lára.

Ẹ̀kẹta, bí ilẹ̀ bá gbẹ, bu omi díẹ̀díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá tutù, má ṣe bu omi. Bí omi bá ti pọ̀ jù nínú ìkòkò, rí i pé ihò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì gbé e lé orí òkúta méjì kí omi lè ro jáde.

Ẹ̀kẹrin, fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká, kí ilẹ̀ má baà yára gbẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí koríko náà kan ìdí igi ata.

Ẹ̀karùn-ún, má ṣe fi ajílẹ̀ sí i títí yóò fi yọ ewé tuntun. Bí ìgbẹ́ adìyẹ tútù bá wà nídìí rẹ̀, rọra kó o kúrò.

Ẹ̀kẹfà, bí ó bá ti yọ òdòdó, já òdòdó náà. Gbòǹgbò ni kí ó kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe èso. Ṣùgbọ́n má ṣe já ewé tútù rẹ̀, nítorí ewé ni ó ń se oúnjẹ fún un.

Lẹ́yìn èyí, ní sùúrù. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wo orí rẹ̀ dáadáa. Bí ewé kékeré tuntun bá yọ níbẹ̀, gbòǹgbò ti múlẹ̀ nìyẹn. Ewé tí ó ti gbẹ kò ní padà tutù mọ́, ṣùgbọ́n igi náà yóò yè.

Bí a ṣe lè dènà rẹ̀

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan kí o tó hú ọmọ ata, máa yọ ibòji orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o sì dín omi rẹ̀ kù. Ní ọjọ́ tí o fẹ́ hú u, bu omi sí ibùsùn ṣáájú, kí ilẹ̀ lè dì mọ́ gbòǹgbò. Ìrọ̀lẹ́, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ni kí o ṣe iṣẹ́ náà. Di ewé rẹ̀ mú. Má ṣe fún ọrùn rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa gbin irúgbìn sínú ọ̀rá omi tí a ti mu tán, tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀. Bí ó bá tó àkókò, wọn á fi abẹ ya ọ̀rá náà, wọn á sì gbé ọmọ ata pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ sínú kòtò. Gbòǹgbò díẹ̀ ni ó máa ń já.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ sí i lè bi àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ ti orílẹ̀-èdè wa, NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, náà ń ṣiṣẹ́ lórí ata.

Ata fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Lẹ́yìn tí Christopher Columbus dé erékùṣù ibẹ̀ ní ọdún 1492 ni àwọn atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó irúgbìn rẹ̀ la òkun kọjá. Ó dé ilẹ̀ wa, ó múlẹ̀, kò sì sí ọbẹ̀ tí a ń sè tí a kì í wá a sí. Ohun tí a bá ṣí nípò lè yè, bí ó bá rí ìtọ́jú.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Àtúngbìn: híhú ewéko láti ibì kan lọ gbìn sí ibòmíràn.
Ibùsùn: ebè pẹlẹbẹ tí a fọ́n irúgbìn sí kí ó lè hù.
Ajílẹ̀: ohun tí a ń fi sí ilẹ̀ kí ó lè lọ́ràá.
Imọ̀ ọ̀pẹ: ewé igi ọ̀pẹ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí ọmọ ata fi máa ń rọ lẹ́yìn àtúngbìn?
2. Báwo ni ewéko ṣe lè rọ nígbà tí omi pọ̀ nídìí rẹ̀?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọmọ ata tí ó rọ ní ọ̀sán nìkan àti èyí tí ó rọ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú?
4. Kí ni ó dé tí a kò gbọdọ̀ fi ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí ọmọ ata?
5. Iṣẹ́ ṣíṣe: Gbin ọmọ ata méjì sínú ìkòkò méjì. Fi ọ̀kan sí ibòji, kí o fi èkejì sí oòrùn. Bu omi kan náà sí wọn. Kọ ohun tí o rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7.