Ọkùnrin Inú Invisible Man Ò Lo Àféèrí

Lọ́dún 2025, nígbà tí WAEC kù díẹ̀, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Eggua. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá òun àti ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS3, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gààrì. Bí ọ̀bẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà ni ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́: theme àkọ́kọ́, theme kejì, theme kẹta. Invisible Man ló ń há sórí.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí àwọn èèyàn ò fi rí ọkùnrin yẹn?"

"Ańkù, ó ní àféèrí ni."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà mi já. Gbogbo theme ló ti há tán, ẹni tí ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni kò tíì mọ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ìwé méjì ni orúkọ wọn jọra. H.G. Wells, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ The Invisible Man ní 1897. Nínú ìyẹn, onísáyẹ́ǹsì kan sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ojú ò lè rí lóòótọ́. Èyí tó wà nínú ìlànà WAEC láti 2021 sí 2025, Ralph Ellison, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ọdún 1952 ló jáde, ó sì gba National Book Award ní 1953.

Ìdí tí mo fi ń pariwo rèé: essay ni WAEC fi ń bèèrè ìbéèrè lórí ìwé ìtàn bẹ́ẹ̀. Kò sí A, B, C, D tí èèyàn á fi ojú bíbò mú. Tí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ò bá yé yín, ìyókù á kàn máa dà rú ni. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fi dán ọmọ náà wò. Ẹ̀yin náà ẹ pa ìwé dé, kí ẹ dáhùn.

Àkọ́kọ́: ojú ta ló ní àìsàn? Ọkùnrin inú Prologue ní ẹran, ó ní egungun. Ó kọlu òyìnbó kan nínú òkùnkùn, ẹni yẹn bú u, ó sì lù ú débi tó fi yọ ọ̀bẹ sí i. Ìgbà yẹn ló wá yé e pé òyìnbó náà ò rí òun rárá. Ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ nípa adúláwọ̀ ló ń wò. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí ìgbà tí wọ́n bá dá ọkọ̀ wa dúró lọ́nà bọ́dà yẹn. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ibi tá a ti ń bọ̀, onífàyàwọ́ ni gbogbo wa." Ó ti yé e nìyẹn!

Ìkejì: ìgbà wo ni Prologue ṣẹlẹ̀? Ìgbẹ̀yìn ìtàn ni. Ọkùnrin náà ti wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní New York, ó so gílóòbù 1,369, ó sì ń jí iná ilé iṣẹ́ mànàmáná lò. (Ọmọ náà pariwo: "1,369! Àwa tá à ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé ńkọ́?") Orí Kìíní ló wá gbé wa padà sẹ́yìn, sí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama. Ẹni tó bá rò pé ìtàn náà ń lọ tààrà á sọnù síbẹ̀.

Ìkẹta: kí ni bàbá àgbà sọ kó tó kú? Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí onírẹ̀lẹ̀. Àmọ́ lórí ibùsùn ikú, ó ní ogun ni ìgbésí ayé òun, àti pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" tí òun ń sọ, ohun ìjà ni. Àwọn baba wa náà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé bàbá ní kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún òyìnbó, ìdajì ni ẹ mú.

Ìkẹrin: kí ni ọmọkùnrin náà jèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Wọ́n pè é pé kó wá ka ọ̀rọ̀ fún àwọn òyìnbó pàtàkì ìlú. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ di òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú, wọ́n ní kí wọ́n máa lu ara wọn. Wọ́n tún ní kí wọ́n máa ṣa owó lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti so iná mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ nípa ìdọ́gba ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, àfìgbà tó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní báàgì aláwọ àti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ so èyí pọ̀ mọ́ àlá tó lá lóru ọjọ́ náà nípa bàbá àgbà, ẹ ó rí i pé ẹ̀bùn yẹn ní ìwọ̀ nínú.

Mo wá ní kí ọmọ náà pa ìwé dé, kó sọ Orí Kìíní fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá. Ìdánwò tó dára jù nìyẹn, torí èèyàn lè ha Gẹ̀ẹ́sì sórí láìgbọ́ ọ, àmọ́ ohun tí kò bá yé ọ, o ò lè fi Yorùbá rò ó fún ìyá rẹ.

Ìwé ti yí padà fún 2026 sí 2030. To Kill a Mockingbird ti Harper Lee ló kàn báyìí, àgbàlagbà tó ń rántí ìgbà èwe ló ń sọ ìtàn tiẹ̀ náà. Ọgbọ́n kan náà ni kí ẹ lò.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìtàn náà tán, ó gbé ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Owó tí wọ́n fi iná ṣa yẹn, ṣé owó gidi ni?"

Rárá o. Owó ayédèrú ni, wọ́n fi ń polówó ọkọ̀. Ọmọ náà ò rántí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ ṣí ìwé.