Ògiri Tó Dà Bíi Kọnkéré: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ọ̀dà Ṣe É

Láti ìgbà tí wọ́n ti fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa láyè láti kun ògiri kan nínú yàrá tí à ń lò, ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ jù ni pé, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bíi kọnkéré." Ọ̀pọ̀ wa ti rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun, ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé, àti nínú fọ́tò orí fóònù. Ẹlòmíràn tiẹ̀ rò pé bíríkìlà ni kò rẹ́ ògiri náà tán. Rárá o, ọ̀dà ni. Mo máa ń tẹ̀ lé bọ̀dá mi tó jẹ́ akunlé lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo tún ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ògiri tiwa gan-an, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Báwo ni kọnkéré ṣe di ẹ̀ṣọ́?

Tẹ́lẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, tí bíríkìlà bá da kọnkéré tán, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún, ojú rẹ̀ ò ní hàn mọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà gan-an. Ayàwòrán-ilé kan tí wọ́n ń pè ní Le Corbusier kọ́ ilé ńlá kan sí ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1952. Ó fi kọnkéré ibẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, àmì pákó tí wọ́n fi da á ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn Faransé ń pe irú rẹ̀ ní béton brut, ìyẹn kọnkéré tí wọn ò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní ilẹ̀ Japan, Tadao Ando náà sọ kọnkéré di ohun tó ń dán, tó sì ń tutù lójú. Ọkùnrin yìí kò lọ sí yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ náà, ó ti ja ẹ̀ṣẹ́ rí, ó sì kọ́ ara rẹ̀ ni. Ní ọdún 1995, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, tó jẹ́ ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn ayàwòrán-ilé. Ògiri tirẹ̀ tó ní ilà tín-ín-rín àti ihò róbótó-róbótó ni ọ̀pọ̀ akunlé ń fara wé lónìí.

Ní tòsí wa níbí, ẹni tó bá ti wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ á ti rí ohun tí kọnkéré lè ṣe. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà náà. Àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òkè wọn fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, kí òjò àti oòrùn má baà bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Amọ̀ lásán ò lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ró.

Kí ló dé tí wọn kì í lo kọnkéré gidi?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Kọnkéré tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1 máa ń wúwo tó nǹkan bíi kílò 2,400. Ká ní ògiri kan gùn ní mítà 4, ó ga ní mítà 3, a wá fẹ́ fi kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré bò ó. Ẹ sọ 4 di ìlọ́po 3, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 0.05, yóò jẹ́ 0.6. Tí ẹ bá wá sọ ìyẹn di ìlọ́po 2,400, kílò 1,440 nìyẹn! Ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ta ló máa gbé ìyẹn lé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìbi ẹ́ńjíníà? Àmọ́ ọ̀dà tí wọ́n á fi ṣe àfarawé rẹ̀, èèyàn méjì lè gbé e wọlé láìmí gùlegùle.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ojú kọnkéré

Bọ̀dá mi máa ń sọ pé ẹni tí kò bá mọ ojú ẹnìkan kò lè ya àwòrán rẹ̀. Òótọ́ ni. Kọnkéré gidi ní àmì mẹ́rin, gbogbo wọn ló sì nídìí:

1. Àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba. Sìmẹ́ǹtì ló fún un ní àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ibi tí omi pọ̀ sí yàtọ̀ sí ibi tí omi kéré sí. Ìdí nìyẹn tí ibì kan fi funfun díẹ̀, tí ibòmíràn fi dúdú bí ìkùukùu òjò.
2. Ó ní ihò wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á ló fa ìyẹn.
3. Ó ní ilà. Inú àpótí pákó tí káfíńtà kàn ni wọ́n ń da kọnkéré sí. Ibi tí pákó méjì ti pàdé ló ń di ilà. Pákó ti Ando máa ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 180, ó sì fẹ̀ ní 90.
4. Ó ní ihò róbótó tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Kọnkéré tútù wúwo, ó lè ti pákó ya. Nítorí náà wọ́n máa ń fi irin de pákó tọ̀tún mọ́ tòsì. Tí wọ́n bá tú pákó, ojú irin yẹn á ku ihò.

Akunlé kò dá nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀ ju pé kó fi ọ̀dà ṣe àwọn àmì mẹ́rin yìí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ọ̀dà emulsion funfun tí kì í dán, ọ̀dà dúdú díẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, screeding (èyí tí wọ́n ti pò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ fi P.O.P. àti emulsion pò ó fúnra yín), sikirépà tó fẹ̀, rólà àti búrọ́ọ̀ṣì, fóòmù àti àkísà tó mọ́, sáńdípépà tó kúnná, téèpù, rúlà gígùn àti pẹ́ńsù, fáníìṣì olómi tí kì í dán.

Ẹ má ra ọ̀dà jù. Lítà kan emulsion máa ń kun nǹkan bíi mítà 10 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan lórí ògiri tó dán. Ògiri tí a fi ṣàpẹẹrẹ lókè jẹ́ mítà 12. Tí ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lítà 2.4 ni. Gálọ́ọ̀nù kan tó jẹ́ lítà 4 á tó, á sì tún ṣẹ́kù fún àwọn àwọ̀ tó kù.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Àkọ́kọ́, ẹ ha ọ̀dà tó ti ń bó kúrò, ẹ dí ihò ìṣó, ẹ nu eruku nù. Ẹ fi téèpù bo etí fèrèsé àti ojú ibi iná mànàmáná.

Ìkejì, ẹ fi sikirépà fa screeding sí ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dán bíi dígí, ẹ jẹ́ kí ipa sikirépà hàn díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ P.O.P. lẹ pò, ẹ máa pò ó ní kékeré-kékeré, torí ó máa ń le kíákíá. Tó bá ti le sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, owó ti wọgbó nìyẹn.

Ìkẹta, tó bá gbẹ dáadáa, ẹ kun àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Inú funfun ni kí ẹ ti máa kán dúdú sí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú dúdú. Ìkán díẹ̀ lásán ti ń yí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan padà. Ẹ fi àwọ̀ ilẹ̀ ṣíbí kan sí i, kó má baà dà bí aṣọ ọlọ́pàá.

Ìkẹrin, ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ po àwọ̀ eérú mẹ́ta: èyí tó mọ́lẹ̀, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó dúdú díẹ̀. Ẹ fi etí sikirépà bu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fà á lọ́tùn-ún lósì, sókè sódò, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ lẹ́tà X tí kò ní ètò. Ẹ má dúró kí àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó fi ìkejì sí i. Ẹ fi fóòmù tútù lu ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé, kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ wò ó. Ẹni tó bá fi imú sún mọ́ ògiri láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní mọ̀ pé apá kan ti dúdú jù.

Ìkarùn-ún, tí ẹ bá fẹ́ ilà àti ihò bíi ti Ando, ẹ fi rúlà wọn àpótí 180 sí 90, kí ẹ fa ilà náà tín-ín-rín. Ẹ wá gbọ́ àṣírí rẹ̀ o: ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wá. Ihò tó wọnú ògiri, ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ni òjìji máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ ló máa ń mọ́lẹ̀. Nítorí náà, tí fèrèsé bá wà lọ́wọ́ òsì, ẹ kun etí òsì ihò náà ní dúdú, kí ẹ fi funfun díẹ̀ tọ́ etí ọ̀tún. Bí ẹ bá ṣe é lódì, ihò yẹn á yọ síta bíi bọ́tìnì ẹ̀wù! Ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ tí a ṣe nínú Físíìsì nìyẹn, ó wúlò lẹ́yìn ìdánwò.

Ìkẹfà, ẹ fi sáńdípépà pa á lára fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹ nu eruku, kí ẹ wá fi fáníìṣì tí kì í dán kùn ún. Èyí tó ń dán á tú àṣírí yín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o

Eruku P.O.P. àti ti sáńdípépà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi nǹkan bo imú, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni ọ̀dà àtijọ́. Òjé máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Ẹ má ṣe fi sáńdípépà ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ rárá. Ẹ fi omi rin ín, kí eruku má baà fò, kí àwọn ọmọ JSS 1 má sì sún mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògiri tiwa

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ògiri tí a fẹ́ kùn yẹn, ọ̀dà ti ń bó nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì sán láti igun fèrèsé wá sísàlẹ̀. Àwọn kan ní screeding á bò ó, pé ó sàn kí a tètè ṣe é kí sáà yìí tó parí. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la dáwó, mo sì mọ̀ pé a ti ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn.

Ọ̀dà kì í gbé ilé ró. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Mi ò sọ pé ọ̀dà ló fà á, mi ò sì sọ pé ilé tiwa máa wó. Ọ̀pọ̀ ìsán ló jẹ́ pé rírẹ́ ògiri nìkan ló sán, tí kò léwu. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìsán ni ògiri fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Tí a bá fi kọnkéré ọlọ́dà dí i lẹ́nu, a ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́.

Àyẹ̀wò méjì ló wà tí kò ná wa ju nǹkan kékeré lọ. Ti omi: ẹ fi téèpù lẹ nylon tó mọ́ gaara mọ́ ibi tó ń bó yẹn, kí ẹ dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá wà lẹ́yìn nylon, inú ògiri ló ti ń bọ̀, kò sí ọ̀dà tó máa dúró níbẹ̀. Ti ìsán: ẹ fi pẹ́ńsù fàmì sí ibi tó parí sí gan-an, kí ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ padà lọ wò ó. Tó bá ti kọjá àmì yẹn, tàbí tó ti fẹ̀ sí i, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ akunlé, kí a sọ fún ọ̀gá àgbà kí wọ́n pe ẹ́ńjíníà. Tí kò bá kúrò lójú kan, kí a dí i dáadáa, kí a wá kun kọnkéré wa.

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò pọ̀ jù láti dúró. Lọ́jọ́ Wẹ́sídè, lẹ́yìn ìparí kíláàsì, èmi á mú nylon àti téèpù wá. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe é, kó mú pẹ́ńsù wá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tí àyè bá wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wo ìsán yẹn pẹ̀lú.